Bí ìwádìí nípa fáṣíà ṣe lè tún iṣẹ́ ọwọ́ wa ṣe

Ọdún mélòó kan ni mo fi ń fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ èèyàn mọ́lẹ̀ bí ẹni fẹ́ lu ihò sí wọn lára. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, ohun tí wọ́n fi yé wa ni pé fáṣíà, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo iṣan nínú ara, máa ń lẹ̀ mọ́ra, àfi ká fi agbára tú u títí yóò fi já. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó wá di ọjọ́ kan, obìnrin kan tí mo ṣiṣẹ́ lára itan rẹ̀ pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní ẹ̀gbẹ́ itan òun ti dúdú bí aró láti ìbàdí títí dé ẹ̀gbẹ́ orúnkún, òun ò sì lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn. Kò bínú sí mi. Ohun tó kàn bi mí ni pé, "Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?" Mi ò ní èsì kankan tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún un. Ìbéèrè rẹ̀ ló lé mi lọ sídìí ìwádìí, ohun tí mo sì bá níbẹ̀ yí ọwọ́ mi padà pátápátá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe mọ́sáàjì, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ eegun àti oríkèé, àti gbogbo ẹni tó ń fi ọwọ́ tọ́jú ara ẹlòmíràn, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Mo tò ó ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lára ẹni tó bá tún kàn.

Ohun tí à ń pè ní fáṣíà

Bí ẹ bá ti gé ẹran tútù rí, ẹ ti rí fáṣíà: awọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán, tó bo ẹran, tó máa ń kọ́ ọ̀bẹ lẹ́nu. Irú rẹ̀ ló wà lára tiwa náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Èyí tó wà lábẹ́ awọ ara rọ̀, ọ̀rá sì wà nínú rẹ̀. Èyí tó bo iṣan nípọn, ó sì le. Ti ẹ̀gbẹ́ itan àti ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn wà lára èyí tó le jù, wọ́n dà bí aṣọ tí wọ́n hun ní ìlọ́po ìlọ́po. Collagen, àwọn okùn tín-ín-rín tó le nínú ara, ló fún un lágbára. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní fibroblast ló ń hun ún, tó sì ń tún un hun. Láàárín ìpele kan sí èkejì, omi kan tó ń yọ̀, tí hyaluronan wà nínú rẹ̀, ló jẹ́ kí wọ́n lè máa rìn lórí ara wọn nígbà tí a bá tẹ̀ tàbí tí a bá nà.

Fún ìgbà pípẹ́, bí wọ́n bá ń la òkú láti fi kọ́ni nípa ara, ṣe ni wọ́n ń bó fáṣíà kúrò kí iṣan lè hàn kedere, wọ́n á sì dà á nù. Ìpàdé àgbáyé àkọ́kọ́ lórí ìwádìí fáṣíà wáyé ní Boston ní oṣù kẹwàá ọdún 2007, ní gbọ̀ngàn ìpàdé ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Harvard. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ ti jókòó nínú gbọ̀ngàn kan náà. Wọ́n tún pàdé ní Amsterdam ní 2009, Vancouver ní 2012, Washington ní 2015, Berlin ní 2018 àti Montreal ní 2022. Inú mi dùn sí i pé wọ́n pe irú wa síbi ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá pè sí ìpàdé gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀, kódà bí kò bá dùn létí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yọ "mo fẹ́ tú u" kúrò lọ́kàn

Ida Rolf, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Columbia ní 1920, tó sì dá ọ̀nà ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní Rolfing sílẹ̀, gbà pé bí ọwọ́ bá tẹ fáṣíà tó sì mú un gbóná, yóò kúrò ní líle, yóò di rírọ̀, bí òrí tí oòrùn bá pa. Èrò yìí tàn kálẹ̀ gan-an. Ojú Rolf mọ ara èèyàn wò, mi ò sì ní jiyàn nípa ìyẹn. Àlàyé rẹ̀ ni kò dúró mọ́.

Ní 2008, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Chaudhry àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí Robert Schleip àti Thomas Findley wà lára wọn, gbé ìṣirò kan jáde. Wọ́n wo iye agbára tí ọwọ́ nílò kí fáṣíà tó yí padà. Fún fáṣíà ẹ̀gbẹ́ itan, kí ó tó fún pọ̀ ní ìdá 1 péré nínú 100, kí ó sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n kan náà, agbára tó tó ìwúwo nǹkan bíi 925 kílógíráàmù gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí èyí tó tó 460 kílógíráàmù sì máa fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti àtẹ́lẹsẹ̀ kò jìnnà sí i. Fáṣíà imú nìkan, tó rọ̀ ju àwọn yòókù lọ, ni ìṣirò náà fi hàn pé ọwọ́ lè yí padà.

Mo ka nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ìgbọ̀nwọ́ èèyàn tó lè tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá sì tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, eegun ni yóò kọ́kọ́ fọ́. Kí wá ni mo ń fọ́ lára obìnrin yẹn? Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké abẹ́ awọ rẹ̀ ni. Fáṣíà itan rẹ̀ wà bó ṣe wà.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, ẹ pinnu lọ́kàn yín pé ẹ kò wá láti já nǹkan kan. Ìpinnu yìí nìkan yóò dín agbára tí ẹ ń lò kù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ohun tí ọwọ́ yín ń bá sọ̀rọ̀

Ara máa ń rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ wa lóòótọ́, oníbàárà sì máa ń dìde pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Bí a kò bá já fáṣíà, kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Fáṣíà kún fún iṣan ìmọ̀lára. Ní Yunifásítì Heidelberg ní Jámánì, àwọn olùwádìí fi abẹ́rẹ́ gún omi iyọ̀ tó lágbára sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá: nígbà kan sínú fáṣíà, nígbà mìíràn sínú iṣan. Èsì tó jáde ní 2014 ni pé ti inú fáṣíà dùn wọ́n jù, ó pẹ́ jù, ó sì tàn káàkiri jù. Wọ́n ní ó ń jó, ó ń ta. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀yìn ń jó òun lábẹ́ awọ kò parọ́, àwòrán eegun rẹ̀ ì báà mọ́ ketekete.

Lára àwọn tó ń gba ìròyìn níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Ruffini, tó máa ń dáhùn nígbà tí nǹkan bá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Òmíràn ni Pacini, tí ìgbọ̀nrìrì àti àyípadà òjijì ń jí. Ohun tí ọwọ́ yín bá ṣe, àwọn ló ń gbé e dé ògóóró ẹ̀yìn àti ọpọlọ, ọpọlọ ló sì ń pàṣẹ pé kí iṣan dẹ ara rẹ̀. Èmi gbà pé èyí ló fà á tí ara fi máa ń rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Collagen kì í yí padà ní kíákíá bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì ni bí àwọn ìpele ṣe ń yọ̀ lórí ara wọn. Helene Langevin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Vermont lo ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú oyún, láti wo ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn èèyàn 121. Lára àwọn tí ẹ̀yìn ti ń dùn fún ohun tó lé ní ọdún kan, bí ìpele fáṣíà ṣe ń rìn lórí ara wọn fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 dín sí ti àwọn tí ẹ̀yìn kò dùn. Ọdún 2011 ni èsì yẹn jáde. Ẹ má ṣe sáré sọ pé àìyọ̀ yìí ló fa ìrora. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kì í fẹ́ gbé ẹ̀yìn nílẹ̀, tí àìgbéra náà sì wá dín yíyọ̀ kù. Ọ̀nà yòówù kó gbà wá, ó fún wa ní ohun tí a lè ṣiṣẹ́ lé lórí: jíjẹ́ kí ìpele máa rìn. Ní Padova ní Ítálì, Carla Stecco àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí hyaluronan yìí. Ní 2018 wọ́n ṣàpèjúwe àwọn sẹ́ẹ̀lì inú fáṣíà tó ń ṣe é, wọ́n sì pè wọ́n ní fasciacyte.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ bèèrè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí.

Bí ẹ̀yìn ojúgun kan bá wú, tó gbóná, tó sì ń dùn nígbà tí èkejì wà bó ṣe wà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, bó bá sì ṣí, ó lè gba inú ọkàn dé ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ ní kó lọ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, tí ojú ara àti ìdí rẹ̀ sì kú tipiri, tàbí tí kò lè di ìtọ̀ mú mọ́, tàbí tí kò lè tọ̀, kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la. Bákan náà ni ẹni tí ibà wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ìrora ẹ̀yìn, tàbí ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ rí tí ìrora tuntun sì ń jí i lóru. Ẹ bèèrè bóyá ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì: irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọwọ́ fúyẹ́ ló tọ́ sí i. Ẹni tí eegun rẹ̀ ti ń fúyẹ́, tàbí tó ti pẹ́ lórí oògùn sẹ́tẹ́ríọ́ìdì, ọwọ́ fúyẹ́ náà ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún un ibi tí ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn àti ìdí rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ "bẹ́ẹ̀ ni" láti ẹnu rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wọn ohun kan

Ohun kan péré ti tó. Ẹ ní kó tẹ̀ síwájú láìká orúnkún, kí ẹ fi téèpù wọn àlàfo láàárín ìka ọwọ́ rẹ̀ àti ilẹ̀. Tàbí kó gbé apá sókè, kí ẹ wo ibi tó ti dúró. Ẹ ní kó fi òǹkà láti 0 dé 10 sọ bó ṣe ń dùn tó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ kò bá wọn nǹkan kan ṣáájú, ohun tó bá wù yín ni ọwọ́ yín yóò sọ fún yín lẹ́yìn náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọwọ́ lára

Ẹ jẹ́ ká mú ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, torí fáṣíà ibẹ̀ ló so iṣan ńlá tó ti apá bọ̀ wá sẹ́yìn pọ̀ mọ́ iṣan ìdí ti ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ẹni náà yóò dojú bolẹ̀, pẹ̀lú ìrọ̀rí pẹlẹbẹ lábẹ́ ikùn àti òmíràn lábẹ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ má fi òróró sí i, tàbí kí ẹ kán an fẹ́ẹ́rẹ́ sọ́wọ́. Bí ọwọ́ bá ń yọ̀ lórí awọ, kò ní mú ìpele ìsàlẹ̀ dání.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ògóóró ẹ̀yìn, kí ẹ má ṣe nǹkan kan. Ẹ dúró fún èémí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ̀yìn náà yóò máa gòkè, yóò máa sọ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín. Bí èémí bá dúró sí àyà nìkan, tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn kò gbéra rárá, ẹ fi í sọ́kàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ di awọ mú pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ sún un lọ sókè, sísàlẹ̀, sápá òsì, sápá ọ̀tún. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ kàn sún un. Ìhà kan sábà máa ń wà tí kò fẹ́ lọ, bí aṣọ tí ìṣó há. Ẹ lọ sí ìhà tó há yẹn títí dé ibi tó ti kọ́kọ́ tako yín, kí ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má tì í kọjá ibẹ̀. Títẹ̀ tí mò ń lò báyìí kò ju èyí tí mo lè fi tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara mi láìsí ìrora. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà máa sọ nọ́ńbà fún yín. Bó bá ti kọjá 4 nínú 10, tàbí tó bá ń di èémí mú, tàbí tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń ká, ẹ ti pọ̀jù.

Láàárín ìṣẹ́jú kan àbọ̀ sí mẹ́ta, ohun kan yóò ṣẹlẹ̀ tí ẹ̀yin náà ti mọ̀: ibi tó tako yín yóò jẹ́ kí ọwọ́ yín lọ síwájú díẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ pé, "Fáṣíà ti yọ́." Ní báyìí, mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe jù kó jẹ́ iṣan abẹ́ rẹ̀ ló dẹ ara rẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé e, ẹ má sáré ṣáájú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ óò pe oníbàárà wọ inú iṣẹ́ náà. Ọwọ́ yín ṣì wà níbẹ̀; ẹ ní kó rọra fi ìbàdí tẹ bẹ́ẹ̀dì, kó sì tún gbé e sókè, nígbà mẹ́jọ. Kó wá gbé apá kan kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀, kó sì dá a padà. Ẹ óò mọ̀ ọ́n lára bí ìpele kan ṣe ń rìn lórí èkejì lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹni náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́, èmi kàn ń bá a fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tó yẹ ni.

Iṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún ibẹ̀ yẹn. Ẹ wọn ohun tí ẹ ti wọn tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fún un ní iṣẹ́ tí yóò gbé lọ sílé

Ìrọ̀rùn tó ti ọwọ́ yín wá kì í pẹ́. Ohun kan náà ni ìwádìí lórí rólà fóòmù, òpó rírọ̀ tí èèyàn ń yí ara lé lórí, sọ: oríkèé á nà sí i, agbára kò ní dín kù, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí yóò fi padà. Àwọn olùwádìí David Behm àti Jan Wilke kọ̀wé ní 2019 pé orúkọ tí wọ́n ń pe irú iṣẹ́ yẹn, pé ó ń "tú" fáṣíà sílẹ̀, kò bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara mu.

Ohun tó ń yí collagen padà gan-an ni ẹrù tí a bá gbé lé e léraléra fún ọ̀sẹ̀ àti oṣù. Àpẹẹrẹ tó yé mi jù ni ti ìrora gìgísẹ̀. Ní 2015, Rathleff àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Denmark pín èèyàn 48 sí ọ̀nà méjì: àwọn kan ń na àtẹ́lẹsẹ̀, àwọn yòókù ń gbé gìgísẹ̀ sókè pẹ̀lú ẹrù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọn tó gbé ẹrù sàn ju àwọn tó ń nà lọ. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan, àwọn méjèèjì ti dọ́gba.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyí: ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ ìka ẹsẹ̀ kí ìka tẹ̀ sókè, kí ẹ dúró lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan, kí gìgísẹ̀ wà lójú òfúrufú. Ẹ gbé e sókè fún ìṣẹ́jú àáyá 3, ẹ dúró fún 2, ẹ sọ̀ ọ́ fún 3. Ẹ ṣe é nígbà 12, kí ẹ tún ìgbà 12 náà ṣe títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta; ẹ ṣe é lọ́jọ́ kan, kí ẹ fo ọjọ́ kejì. Bí ara bá ti ń gbà á, kí ó gbé àpò tí ìwé wà nínú rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn.

Ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, mo máa ń fún wọn ní ohun méjì péré: ìrìn ojoojúmọ́, àti gbígbé ìbàdí sókè nígbà tí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Bí ẹ bá fún èèyàn ní eré ìdárayá mẹ́jọ, kò ní ṣe ọ̀kankan.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ ṣọ́ ẹnu yín

Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ fún ẹni tó dùbúlẹ̀ máa ń bá a délé. "Fáṣíà yín ti lẹ̀ pọ̀", "ẹ̀yìn yín ti gan": ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọra gbé ara rẹ̀ bí ẹyin, ìbẹ̀rù yóò sì fi kún ìrora rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ báyìí ni pé, "Ara yín ń ṣọ́ ibí yìí. A fẹ́ jẹ́ kó mọ̀ pé kò séwu, ká lè máa lò ó." Òótọ́ ni, kò sì dẹ́rù bani.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ohun tí àwọn kan ń sọ, pé "okùn" fáṣíà ló so ẹsẹ̀ mọ́ orí. Nígbà tí Wilke àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn ìwádìí wò ní 2016, wọ́n rí ẹ̀rí tó lágbára fún ìsopọ̀ tó gba ẹ̀yìn ara, láti àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sókè gba ẹ̀yìn itan. Fún èyí tí wọ́n ní ó gba iwájú ara lọ tààrà, wọn ò rí ẹ̀rí kankan. Bí ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀yìn ojúgun nítorí ẹ̀yìn itan tó há, kò burú, ẹ dán an wò kí ẹ sì wọn ọ́n. Ẹ má kàn ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé ọmọńdinrín ẹsẹ̀ ló ń fa orí fífọ́ rẹ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀

Ojú ewé kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, ohun tí ẹ wọn ṣáájú, ibi tí ẹ fọwọ́ kàn, ìhà tó há, ohun tí ẹ wọn lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ ilé tí ẹ fún un, àti bóyá ó ṣe é. Bó bá padà dé, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ kọ́kọ́ bi í bí ọjọ́ kejì ṣe rí: ṣé ara ro ó, ṣé ibì kankan dúdú? Bó bá dúdú, ọwọ́ yín ló wúwo, ẹ dín in kù. Bí nọ́ńbà kò bá yí padà rárá lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta, mo máa ń sọ fún ẹni náà pé kó lọ rí dókítà, mo sì máa ń kọ ohun tí mo rí sínú ìwé kékeré kan fún un kó mú dání lọ.

Obìnrin tó pè mí lọ́jọ́ yẹn padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Mo ti kọ ojú ewé tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó dé, pẹ̀lú ìlà kan lókè: "Itan ọ̀tún, ọwọ́ fúyẹ́."